Obìnrin Méjì Lẹ́nu Ibodè

Àwọn àgbàlagbà kan ṣì wà ní Minna tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí mi lọ́nà, Adédoyin ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe orúkọ mi. Ràmọ́tù ni bàbá mi sọ mí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí iṣẹ́ bá sọ ènìyàn, kò sí ọṣẹ tó ń fọ̀ ọ́ kúrò lára. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí a jọ ń gbé ní Barkin Sale, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama. Ó ní tíátà lòun fẹ́ ṣe. Ìyá rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe. Wọ́n ní kí n dá sí i. Mo ní n kò ní dá sí i, ṣùgbọ́n n óò sọ bí tèmi ti rí, kí ẹni tó bá fẹ́ wọ odò mọ bí odò ti jìn tó. Ẹ̀yin ọmọ ẹlòmíràn náà lè bá wọn gbọ́.

Ìlọrin ni bàbá mi ti wá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kó máa fi abẹ́rẹ́ kó òwú sí ọrùn àti àyà agbádá. Sauka Kahuta, ní Minna níbí, là ń gbé. Òun náà ló ń tún aṣọ eré ṣe fún Ọ̀gá Àlàó, tó ní ẹgbẹ́ òṣèré ní Tunga, nínú àgbàlá ńlá kan tí wọ́n fi páànù yí ká. Àwọn Yorùbá tó wà nílùú nígbà náà, oníṣòwò, tíṣà, òṣìṣẹ́ ojú irin, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wòran nírọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn Hausa àti Núpé náà máa ń wá, bí wọn ò tilẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi ni bàbá mi ń rán pé kí n gbé aṣọ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níbẹ̀. Bí mo ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ kò ní ìtàn púpọ̀: Ọ̀gá bi mí bóyá mo lè kàwé, mo ní mo lè kà á. Bàbá mi nà mí, ìyá mi sunkún, mo lọ. Ní ti owó, ẹni tó bá ń wá owó kó má wulẹ̀ jókòó tì mí.

Ìkọ́ṣẹ́ ló yẹ kí n sọ, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé bí ènìyàn bá ti lè sunkún níwájú fóònù, òṣèré ló dà yẹn. Odidi ọdún kan ni Ọ̀gá kò fi jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Mo ń ru ìkòkò kọjá, mo ń gbálẹ̀ ààfin, mo ń kú lójú ogun. Láàárọ̀ á kó wa lọ sẹ́bàá ojú irin, á ní kí apá kan dúró lọ́hùn-ún, kí apá kan dúró níhìn-ín. Ẹni tó wà níhìn-ín á máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpariwo, ẹni tó wà lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. "Ọ̀fun ni ariwo ń gbé," Ọ̀gá á ní. "Ikùn ni ohùn ń gbé. Olówó kì í gbé ojúde." Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbàgbé ọ̀rọ̀ nígbà ìdánrawò, Ọ̀gá kì í bú u. Á kàn dìde, á fẹ́ àtùpà pa. Gbogbo wa á dúró sínú òkùnkùn títí onítọ̀hún yóò fi rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé jáde. Mo ti gbọ́ tí ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n sunkún nínú òkùnkùn yẹn.

Èmi àti Dọ̀káàsì la jọ kọ́ṣẹ́. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ẹlẹ́sìn Krístì, ìyá rẹ̀ ń ta ìkòkò irin àti abọ́. Orí ẹní kan là ń sùn sí. Dọ̀káàsì ní ẹnu. Bí ó bá ń bá àwọn tó ń ta ẹran jà ní Hausa, àwọn ẹlẹ́ran fúnra wọn á máa kígbe pé "Kai! Kai!" tìyanu-tìyanu. Èmi ní tèmi, bí wọ́n bá rẹ́ mi jẹ, ilé ni mò ń dé kí n tó rántí ohun tó yẹ kí n sọ.

Eré kan wà tí Ọ̀gá jogún lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀. Eré àtayébáyé ni, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Bí a bá gbé eré tuntun jáde, wọ́n á wò ó, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n á bi wá pé ìgbà wo la máa tún ṣe eré ẹnu ibodè.

Ìtàn rẹ̀ rèé. Ogun dó ti ìlú kan. Ọba kó àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, ó fi kọ́kọ́rọ́ ibodè sílẹ̀ lọ́wọ́ Adédoyin, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó ní kò gbọdọ̀ ṣí i fún ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará oko tí ogun lé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sẹ́nu ibodè, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Adédoyin ò ṣí i, torí kò sí bó ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀tá wà láàárín wọn. Àjíkẹ́, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò ràn án, ó jí kọ́kọ́rọ́ gbé, ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn ará oko wọlé, ọ̀tá bá wọn wọlé, ìlú jó. Adédoyin yọ idà dúró lẹ́nu ibodè láti dá ogun dúró kí àwọn yòókù lè rí ọ̀nà sá lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí. Àjíkẹ́ kó àwọn ọmọdé wọgbó, wọ́n tẹ ìlú mìíràn dó. Orin Àjíkẹ́ ni wọ́n fi ń parí eré náà. Kò sí ẹni tó kọrin fún Adédoyin.

Gbogbo wa la rò pé Dọ̀káàsì ni yóò ṣe Adédoyin. Èmi ni Ọ̀gá nawọ́ sí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bóyá ẹ ṣì í pè," Dọ̀káàsì ní. "Èmi ni mo ní ẹnu Adédoyin."

"Ìdí tí n kò fi fún ọ nìyẹn," Ọ̀gá dá a lóhùn. "Ẹni tó ti gbóná tẹ́lẹ̀, kí ni yóò tún fi iná ṣe? Ràmọ́tù ò lè pariwo. Bí ẹni tí kò lè pariwo bá ní òun ò ní ṣílẹ̀kùn, ìgbà yẹn lẹ̀rù ń ba ará ìlú."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo lejú koko, mo pòṣé, mo fọwọ́ lé ìbàdí. Ọ̀gá fẹ́ àtùpà pa.

"Ta lò ń ṣe yẹn?" ohùn rẹ̀ bi mí nínú òkùnkùn.

"Adédoyin ni, Ọ̀gá."

"Irọ́ lo pa. Ìyálé burúkú lò ń ṣe. Adédoyin kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Gbogbo ìlú ló fẹ́ràn, ìyẹn ni kò fi ráyè fẹ́ràn ẹyọ ẹnìkan. Ìwọ náà, Dọ̀káàsì, yéé rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Àjíkẹ́ kì í ṣe ẹni pẹ̀lẹ́. Olè ni. Kọ́kọ́rọ́ ìlú ló jí. Ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ ló rí, kò bojú wẹ̀yìn wo èyí tó wà nínú ilé."

Ẹ̀yin tí wọ́n ń ní kí ẹ fi àwọn obìnrin méjì yìí wéra nílé ìwé, ẹ ò ní rí ju ohun tí Ọ̀gá sọ nínú òkùnkùn ọjọ́ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n òtọ̀ ni kéèyàn gbọ́ ọ, òtọ̀ ni kó wọ ọ́ lára. Ìyá Gbagyi kan, àwọn tí a tún ń pè ní Gwari, ń gbé lẹ́yìn àgbàlá wa. Lọ́dún kan, òjò pẹ́ kó tó rọ̀. Mo rí ìyá yìí tó jókòó sórí àpò ọkà bàbà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe irúgbìn. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ yí i ká, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń fà á láṣọ. Kò lé wọn. Kò dá wọn lóhùn. Ó kàn rọra yí ẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo ògiri. Mo lọ síwájú díẹ̀ kí n lè rí ojú rẹ̀. Omijé ló kún un. Ìjókòó ìyá yẹn ni mo gbé wá sórí ìtàgé. Bí obìnrin ará oko bá na ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wọlé láti àlàfo ilẹ̀kùn, tó ń kígbe pé kí n gba ọmọ nìkan bí n kò bá ní gba òun, mi ò ní sọ nǹkan kan. Mo máa rọra yí ẹ̀yìn sí i.

Háà, wọ́n kórìíra mi. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà sísè ò tà á fún mi mọ́. Wọ́n á rí èmi àti Dọ̀káàsì lọ́nà, wọ́n á fún Dọ̀káàsì ní ọsàn, wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀. Dọ̀káàsì yìí kan náà tó ti já ọmọ ọlọ́mọ ní ìgbátí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Tó bá yá, à á fi rẹ́rìn-ín lórí ẹní wa, àwa méjèèjì á pín ọsàn náà. Nígbà tí mo lọ́kọ, tí mo bímọ àkọ́kọ́, ìyá ọkọ mi gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi níwájú àwọn àlejò. Ó ní, "Haba, ẹ má jẹ́ kó máa dá gbé ọmọ. Obìnrin tó kẹ̀yìn sí ọmọ ọwọ́!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ òkò ló kù.

Ìlú kan lójú irin ló ti ṣẹlẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìta gbangba la ti ń ṣeré, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Nígbà náà a ti kúrò lórí àtùpà, a ti ní jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn tí a so kọ́ sórí igi. Èrò pọ̀ débi pé àwọn kan wà lórí ẹ̀ka. Obìnrin ará oko na ọmọ wọlé. Mo yí ẹ̀yìn. Ìdákẹ́ yẹn balẹ̀, ìdákẹ́ tí òṣèré ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wá. Ẹnìkan wá kígbe láàárín èrò pé, "Gba ọmọ náà!" Mo bojú wẹ̀yìn. Kò yẹ kí n bojú wẹ̀yìn, kò sí nínú eré, ṣùgbọ́n ohùn náà gún mi. Òkúta bá mi lójú òsì.

N kò mọ̀ pé mo ṣubú. Ohun tí mo gbọ́ ni àtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà nínú eré.

Dọ̀káàsì ló gbé orí mi lé itan nínú mọ́tò títí dé ọsibítù. Òun ló dúró tì mí. Ó ń fọ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ti kun, ó ń fi ṣíbí bu ògì sí mi lẹ́nu, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà tí wọ́n bá pẹ́. N kò ní gbàgbé ìyẹn láé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbìyànjú àtigbàgbé rẹ̀. Dókítà ṣe tirẹ̀. Ojú kò padà.

Ẹni tó sọ òkò wá sí ọsibítù. Obìnrin kékeré kan ni, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé eré ni," ó ní. "Ẹ má rò pé mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀."

Mo ní kó dìde. Mo ní ó ti tán. Kò tíì tán títí di òní olónìí.

Ọ̀gá Àlàó náà wá. Mo ti ń retí rẹ̀. Mo fẹ́ kó sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó wo aṣọ funfun tí wọ́n fi di ojú mi, ojú tirẹ̀ sì ń dán bí ti ẹni tó rí ọlá.

"Ràmọ́tù," ó ní, "láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí wọ́n gbàgbọ́ báyìí rí. O ti dé ibi tí gbogbo wa ń lọ."

Mo yí ojú sí ògiri. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní, "Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi òkúta san ẹ̀san rẹ̀, ìwọ lo yàn án," ó sì lọ kírun. Nínú àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ bàbá mi kò dùn mí tó ti Ọ̀gá.

Nígbà tí ara mi yá, mo padà sí Tunga. Àárọ̀ ni. Mo gbọ́ ohùn Adédoyin láti ìta páànù, mo sì dúró. Dọ̀káàsì ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, àsìkò rẹ̀ pé. Ó ti kọ́ ìdákẹ́ mi. Ó tún ti kọ́ bí mo ṣe ń yí ẹ̀yìn, ìyẹn ẹ̀yìn ìyá Gbagyi. Mo wọlé, wọ́n dá ìdánrawò dúró.

"O káàbọ̀, Ràmọ́," Dọ̀káàsì ní. Ó dì mọ́ mi.

"Mo ti dé," mo ní. "Mo lè bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé."

Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Dọ̀káàsì ló sọ ọ́, ó jọ pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

"Olójú kan ò lè ṣe Adédoyin mọ́. Àwọn èrò á káàánú rẹ. Ta ló ń káàánú Adédoyin?"

"Nítorí Adédoyin ni mo fi di olójú kan."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń fẹ́ ẹ láti ọjọ́ tí a ti débí, Ràmọ́. Ìwọ náà mọ̀. Mi ò lè gbé e sílẹ̀."

Mo wo Ọ̀gá. Mo ní kí ẹni tó fi mí ṣe Adédoyin sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àjíkẹ́ ló ṣẹ́ kù." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ṣe Àjíkẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, ẹ̀yin ọmọ, torí ibi tí ìwà èrò ti yé mi nìyí. Àwọn èrò kan náà ni. Bí mo bá yọ pẹ̀lú ojú mi kan, kí n tó lanu, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n á máa ju aṣọ sórí ìtàgé fún mi. Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ mi wá fún mi pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn obìnrin ń gba ọwọ́ mi fi kan orí ọmọ wọn. N kò ṣe nǹkan kan tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti ṣe iṣẹ́ gidi nínú Adédoyin, òkúta ni wọ́n fi kí mi. Nínú Àjíkẹ́, mo kàn ń dúró ni, ojú fífọ́ ló ń bá mi ṣe iṣẹ́. Mo kórìíra ẹkún wọn ju òkò wọn lọ. Òkò yẹn, ó kéré tán, Adédoyin ni wọ́n sọ ọ́ lù. Ẹkún yìí, Ràmọ́tù ni wọ́n ń sun ún fún, Ràmọ́tù ò sì bẹ̀ wọ́n.

Síbẹ̀ mo rí nǹkan kan lára Àjíkẹ́ tí n kò lè rí nígbà tí mo dúró lódìkejì. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé òmùgọ̀ ni, tí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú ilẹ̀kùn, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀tá lè wà níbẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́ náà pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn. Orin tí wọ́n kọ fún un lẹ́yìn náà, bí mo bá ti ń gbọ́ ọ, mò ń rí i pé ẹni tí wọ́n ń kọrin fún mọ iye òkú tó wà nínú orin náà. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún Dọ̀káàsì. Òun nìkan ló lè yé láyé yìí. Ṣùgbọ́n a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ àfi lórí ìtàgé, níbi tí mò ń bẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé kó ṣílẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni fídíò dé. Ó kọ́kọ́ dé bí ohun àmúṣeré. Wọ́n gbé kámẹ́rà wá láti Ìbàdàn, wọ́n gbé e lé èjìká bí igi ìdáná, wọ́n ní kí a má ṣe fi ikùn sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ní a ń pariwo jù. Gbogbo ohun tí a kọ́ lẹ́bàá ojú irin di asán. Wọ́n rí Dọ̀káàsì, inú wọn dùn, wọ́n mú un lọ, ó di ìyá ọkọ burúkú nínú fíìmù oríṣiríṣi. Wọ́n wo èmi náà. Ẹni tó ń darí wọn yí mi po, ó ní òun ní ipò fún mi, àjẹ́ olójú kan tó ń gbé inú ìrókò. Mo ní mo dúpẹ́. Ó ní kí n rò ó wò. Mo ní mo ti rò ó. Èrò wá ń dínkù ní Tunga. Ta ni yóò jáde wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà tí fíìmù wà nínú pálọ̀ rẹ̀? Àgbàlá páànù náà di ìsọ̀ àti òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn aṣọ tí bàbá mi fi ọwọ́ kó iṣẹ́ sí, kòkòrò jẹ wọ́n tán nínú àpótí.

Ọ̀gá kú nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Èmi ni mo ń sè fún un títí tó fi kú, kì í ṣe pé mo ti dárí jì í. Kò sí ẹlòmíràn ni. Dọ̀káàsì wá síbi ìsìnkú pẹ̀lú mọ́tò, pẹ̀lú gèlè tó ga. Àwọn ọmọdé sá fún un lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti bo sàréè tán, ó wá jókòó tì mí.

"Sannu, Ràmọ́."

"Sannu."

"Wọn ò jẹ́ kí n gbé ọmọ ọmọ mi," ó ní lójijì. "Ọkọ ọmọ mi ló kọ̀. Wọ́n ní n kò lè máa ṣe ìkà nínú fíìmù kí n má ní in nínú. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ṣé kò ṣojú mi nígbà tìrẹ ni?"

Mo wò ó. Ojú rẹ̀ méjèèjì pé, wọ́n sì pọ́n.

"Ṣé o fẹ́ kí n gba Adédoyin padà ni?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó na ọwọ́ sí ọwọ́ mi. N kò na tèmi. Ká ní orí ìtàgé ni, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kì í ṣe orí ìtàgé ni. Ó dìde, ó wọ mọ́tò rẹ̀, a ò tíì ríra títí dòní.

Ilé ìwé aládàáni kan níhìn-ín ní Barkin Sale ni mo ti parí iṣẹ́, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ewì àti eré. Hausa ló wà lẹ́nu wọn. Bí mo bá ní "ẹ kú àárọ̀", wọ́n á ní "ina kwana, Màmá". N kò bá wọn wí. Èdè tí òbí wọn ò bá wọn sọ nílé, ta ni mo jẹ́ tí n óò fi ìyẹn lù wọ́n?

Láìpẹ́ yìí ni Káyọ̀dé, olùkọ́ kan ní yunifásítì, wá bá mi. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ń ka eré ẹnu ibodè, wọ́n sì fẹ́ fi Adédoyin àti Àjíkẹ́ wéra. Ó gbọ́ pé mo ti ṣe àwọn méjèèjì. Mo lọ. Wọ́n fi àga sí iwájú fún mi. Káyọ̀dé kọ orúkọ àwọn obìnrin méjèèjì sára pátákó, ó fa ìlà sáàárín wọn, ó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Màmá, Adédoyin burú, wallahi," ọmọkùnrin kan ní. "Kò ní àánú."

"Àjíkẹ́ ni àwòkọ́ṣe," ẹnìkejì ní.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri. Mo ti ń múra láti gbèjà Adédoyin, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ti wà ní ikùn mi. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. Hàlímátù lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìlọta ní abúlé kan kí àwọn agbébọn tó dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"A sá dé abúlé kejì," ó ní, ó ń wo tábìlì rẹ̀. "Ilé àkọ́kọ́, ìyá mi kan ilẹ̀kùn. Ó pe orúkọ onílé, torí ó mọ̀ wọ́n, wọ́n ń ra nǹkan lọ́wọ́ wa. Wọ́n wà nínú ilé. A ń gbọ́ èémí wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọn ò ṣí i. A wá lọ dùbúlẹ̀ nínú oko ọkà bàbà. Àbúrò mi kú síbẹ̀."

Káyọ̀dé gbé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

"Mi ò sọ pé wọ́n burú," ó tẹ̀ síwájú. "Ká ní èmi ni mo wà nínú ilé yẹn, bóyá mi ò ní ṣí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá pàdé wọn lọ́jà, mi ò ní kí wọn. Kò sì sí ẹni tó máa ní kí n kí wọn."

N kò gbèjà ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi wà lórí ìtàgé yẹn, ohun kan ṣoṣo tí mo rò nípa obìnrin tó wà níta ilẹ̀kùn ni pé kó kígbe dáadáa kí tèmi lè dùn. Káyọ̀dé ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní Hàlímátù ti sọ ọ́.

Hàlímátù ló sìn mí jáde lọ wọ kẹ̀kẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú ní ọwọ́ òsì, níbi tí n kò ti ríran, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ká ní ẹ tún ayé wá, èwo lẹ máa yàn nínú àwọn méjèèjì?"

"Iṣẹ́ mìíràn," mo ní.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, ẹ̀rín ọmọdé, orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tó láti mọ̀ pé a kì í ba ẹ̀rín jẹ́ mọ́ olùwòran lẹ́nu. Mo bá a rín in títí kẹ̀kẹ́ fi gbéra.